Ẹ̀yin ọmọ LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, báwo lẹ ṣe ń jẹun títí oṣù fi ń parí?

Ọmọ Ìsẹ́yìn:
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. 100 level ni mo wà, Under-G ni mò ń gbé, èmi àti ọmọbìnrin kan la jọ wà nínú yàrá. 30,000 náírà làwọn òbí mi ń fi ránṣẹ́ sí mi lóṣù, ọjọ́ kìíní ló máa ń wọlé, kó tó di ọjọ́ 16 ó ti tán. Mi ò ra aṣọ, mi ò lọ òde ìnáwó kankan, mi ò ṣáà mọ ọ̀nà tó ń gbà lọ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, odindi ọjọ́ mẹ́ta, gààrí nìkan ni mò ń mu láàárọ̀ lálẹ́, mo wá ń tòògbé nínú kíláàsì, ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ò wọlé sí mi lórí rárá. Mi ò lè pe ilé pé ó tún ti tán, aṣọ òfì ni bàámi ń hun, tí ọjà ò bá tà, ẹnu ni wọ́n á ti yọ ọ́ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin ń ṣe tí tiyín fi ń dé òpin oṣù?

Ẹ̀gbọ́n Agric:
Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o, ìwé á yé ẹ. Mo ti jáde ní LAUTECH àmọ́ ọdún márùn-ún ni mo fi jẹun ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà tí owó ẹ ń gbà lọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Kó o tó ṣe nǹkan míì, ra ìwé kékeré kan, gbogbo nǹkan tó o bá ná fún ọjọ́ méje kọ ọ́ sílẹ̀, àti omi inú ọ̀rá, àti ṣíńgọ́ọ̀mù. Nígbà tí èmi ṣe é, oúnjẹ kọ́ ló gba owó mi jù, ọ̀kadà ni, lọ sí skúùlù bọ̀ láti skúùlù, tún padà lọ torí mo gbàgbé ìwé sílé, àti gáálà pẹ̀lú mínírà ọ̀sán, àti owó tí àwọn oní-POS ń yọ nígbà tí mo bá lọ gba 1,000 náírà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ dípò kí n gba 3,000 lẹ́ẹ̀kan.

Nǹkan kejì, tó jẹ́ òun gan-an ló yọ mí: ọjọ́ tówó bá wọlé, ọjọ́ náà ni kó o sọ ìdajì ẹ̀ di oúnjẹ gbígbẹ. Má sùn lé e lórí. Gààrí, ẹ̀wà, láfún, ìrẹsì díẹ̀, epo, iyọ̀, mágì. Oúnjẹ tó bá ti wà nínú rọ́bà, ò sẹ́ni tó máa yá a lọ́wọ́ ẹ fi ra dátà. Bí mo bá ní 30,000 tìẹ yẹn lónìí, 16,000 máa bá mi lọ sọ́jà, 1,500 lọ́sẹ̀ fún ata àti ẹyin, ìyẹn 6,000, dátà 3,000, gáàsì 2,000, 3,000 tó kù mi ò ní fọwọ́ kàn án, torí ara ò ṣeé dá lójú, ẹnìkan lè ṣàìsàn, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ mú owó handout wá lọ́la.

Ọjà gidi ni kó o lọ o, má lọ sí ṣọ́ọ̀bù iwájú hósítẹ́ẹ̀lì. Lọ sí Wàsò lọ́jọ́ ọjà, ìwọ àti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé, ẹ da owó pọ̀.

Ọmọ Ṣọ̀ún:
Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀. Èmi ọmọ ìlú ni, ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà tó ń ta ẹ̀wà ni mo ti dàgbà, ẹ jẹ́ n fi èyí kún un. Tó o bá dé ọjà, kí wọ́n tó wọn nǹkan fún ẹ, ki ọwọ́ bọ inú kóńgò. Àwọn kan wà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí kóńgò wọn wọlé, lókè ó máa kún, ó máa lórí rẹpẹtẹ, ojú ẹ á máa wò ó pé ọjà yìí pọ̀, àmọ́ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ìdí ẹ̀ ti yọ gọngọ sínú bí orí ìdodo ọmọdé, bí ife kan ti lọ nínú ẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi àgbà kì í ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ò bá jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ìdí kóńgò. Má bínú má jà, ṣáà sọ pé "màmá, ẹ jẹ́ n rí kóńgò yín, ẹ jọ̀ọ́", tí wọ́n bá fajú ro, máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Fún ẹ̀wà, bu ún sọ́wọ́, fẹ́ ẹ. Tí ìyẹ̀fun bá ń fò jáde, kòkòrò ti wà ńbẹ̀. Tó o bá sì gbé e délé, sá a sóòrùn dáadáa, jẹ́ kó tutù, kó o wá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, kún un dé ọrùn, ju ata gbígbẹ mélòó kan sí i, dé e pa. Ohun tí à ń ṣe nílé nìyẹn látọjọ́ tó ti pẹ́.

Ata àti tòmátì, ìrọ̀lẹ́ ni kó o lọ rà á, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ palẹ̀ mọ́. Wọn ò fẹ́ gbé e padà sílé torí á bàjẹ́, wọ́n á kó o fún ẹ ní owó kékeré. Èyí tó bá ti rọ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀, sè é lálẹ́ ọjọ́ náà, má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì.

Àánú Nọ́ọ̀sì:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n yára sọ èyí kó má bàa gbàgbé mi: ẹnikẹ́ni tó bá ń fi Sniper, oògùn apakòkòrò, sínú ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, kó jáwọ́. NAFDAC ti kìlọ̀ fún aráàlú lórí ẹ̀ léraléra. Májèlé ni, fífọ̀ ò mú un kúrò, sísè ò mú un kúrò. Ata gbígbẹ tí Ọmọ Ṣọ̀ún sọ yẹn ló dáa.

Ọmọ Ìsẹ́yìn, oorun tó ń kùn ẹ́ nínú kíláàsì yẹn, má pe ara ẹ ní ọ̀lẹ. Gààrí ń fúnni lágbára fún wákàtí kan méjì ni, nǹkan tó ń mú ara dúró ò sí nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ gààrí náà ló wà, mu ún, àmọ́ fi ẹ̀pà tàbí kúlíkúlí sí i, ẹ̀kúnwọ́ kan tó. Ẹ̀wà ni ẹran tálákà, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ ò pọ̀ jù. Wàrà táwọn ìyá Fúlàní ń gbé kiri, bá wọn rà á, dín in, dà á sí ọbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi sóyà ṣe tún rọjú sí i. Bó o bá mọ oko adìyẹ kankan nítòsí, béèrè ẹyin tó sán, owó ẹ̀ máa ń wálẹ̀ gan-an, àmọ́ ọjọ́ tó o bá rà á ni kó o sè é, sè é jinná dénú, èyí tó bá ti ń jò tàbí tó ń rùn, dà á nù.

Sùúrù EEE:
Ohun tó gba èmi là ni ìkòkò kan. Àwa mẹ́ta la wà ní Adénìkẹ́, oníkálukú ń mú 4,000 wá lọ́sẹ̀, 12,000 nìyẹn, a ra nǹkan lápapọ̀, ẹnì kan ń sè lọ́jọ́ kan, àwọn méjì ń fọ abọ́ pọn omi. Gáàsì tí èmi nìkan ń lò tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ́lẹ̀, àwa mẹ́ta lò ó ní bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, torí iná tó ń se oúnjẹ ẹnì kan náà ló ń se ti èèyàn mẹ́ta, ìkòkò ló kàn tóbi sí i. Oúnjẹ ìyá olóúnjẹ lọ́sàn-án tí mo máa ń rà tẹ́lẹ̀, mi ò rà á mọ́, abọ́ onídèérí ni mò ń gbé lọ sí skúùlù.

Àánú Nọ́ọ̀sì:
Sùúrù, ó dáa o, àmọ́ ìkòkò kan ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa. Ẹnì kan nínú wa ń mú ọ̀rẹ́ wálé, tí mo bá ti kíláàsì dé ní aago mẹ́fà, ìsàlẹ̀ ìkòkò ni mò ń bá, mo sì ti dá owó. Mi ò lè sọ ọ́, ó kàn ń dùn mí nínú, nígbà tó yá mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tá a wá ṣe ni pé a jọ ń ra gààrí, ìrẹsì, epo àti gáàsì, àmọ́ tá a bá ti se ọbẹ̀ tán, a máa pín in sí rọ́bà, ti oníkálukú pẹ̀lú orúkọ ẹ̀ lára. Ẹni tó bá fẹ́ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ lóúnjẹ, nínú tiẹ̀ ni. Àtìgbà yẹn ìjà ò sí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí inú bá bàjẹ́.

Sùúrù EEE:
Òótọ́ nìyẹn, a ò tíì ní wàhálà bẹ́ẹ̀ àmọ́ màá sọ fáwọn ará ilé mi lálẹ́ òní.

Ìyá Olóúnjẹ:
Ẹ kú ìjíròrò o ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi ló fi èyí hàn mí lórí fóònù, ó ní kí n sọ̀rọ̀, òun ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Àmàlà ni mò ń tà, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, àwọn ọmọ skúùlù ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹni tó bá ń jẹun lọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ tó sì jẹ́ pé ilé ló ti ń gba owó, kò ní dópin oṣù. Ẹ máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá rẹ̀ yín, tí ìdánwò bá gbóná, ìyókù ẹ sè é nílé.

Ìlú tẹ́ ẹ wà yìí, ẹ ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ láfún wà nínú oríkì wọn ni? Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ yokà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Yokà yẹn, láfún ni. Mo ń rí àwọn ọmọ tó jẹ́ pé èlùbọ́ iṣu nìkan ni wọ́n mọ̀, owó ẹ̀ sì ju ti láfún lọ dáadáa. Ẹ ra láfún tó funfun, tó gbẹ, tí kì í rùn. Ẹ gbé omi kaná, kó hó yaaya, ẹ sọ iná kalẹ̀, ẹ máa da láfún sí i díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kan ń dà, ọwọ́ kejì ń fi omorogùn rò ó, ẹ má dúró títí tí kókó ò ní sí ńbẹ̀. Ẹ wá wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ lé e, ẹ dé e kó hó ká, ẹ tún rò ó. Ó tán.

Gbègìrì sì rèé, ẹ̀wà díẹ̀ péré ló ń gbà. Ẹ̀wà tí ẹnì kan máa jẹ lójúkorò, tẹ́ ẹ bá bó o, tẹ́ ẹ sè é tó fi rọ̀ mú, tẹ́ ẹ fi ìjábẹ̀ lù ú, tẹ́ ẹ da ata àti epo sí i, èèyàn mẹ́ta máa fi jẹ àmàlà yó. Ẹ bu ewédú sí i, ewédú ò wọ́n.

Ọmọ Ìsẹ́yìn, gbọ́ mi. Ọjọ́ tí ò bá sí rárá, má sùn sínú yàrá. Bá ìyá olóúnjẹ tó o mọ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ mi, ọmọ méjì ń wá lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń bá mi bó ẹ̀wà, wọ́n ń ṣa ewédú, wọ́n ń jẹun, mo sì ń fún wọn lówó díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fi oṣù méjì ń bá mi ra àmàlà láì sí ẹran, mo rò pé kì í jẹ ẹran ni. Àṣé owó ẹran ni ò sí. Ó dùn mí pé mi ò tètè bi í. Ẹ máa sọ ọ́, ẹ̀yin ọmọ.

Kọ̀ǹpútà 300:
Màmá, ẹ ṣeun mà. Èmi ni mi ò sọ ọ́ nígbà tèmi, ibi tí mo wá gbà ni lóònù orí fóònù. Mo yá 10,000 lọ́wọ́ app kan, ohun tó wọ ọwọ́ mi ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ torí wọ́n ti yọ tiwọn, wọ́n ní kí n san gbogbo ẹ̀ àti èlé láàárín ọjọ́ méje. Ọjọ́ kẹjọ ní aago mẹ́fà àárọ̀ wọ́n ti ń tẹ àwọn tó wà nínú fóònù mi láago, wọ́n fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí màámi, sí pásítọ̀ wa, sí lẹ́kítúrà kan tí mo tọ́jú nọ́ńbà ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè ni mí. Màámi sunkún títí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lára mi. Ẹ má dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti yá a, FCCPC ni àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, ẹ fi ẹjọ́ wọn sùn ńbẹ̀, ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín.

Tẹ́tẹ́ náà, ẹ̀yin ọkùnrin, mo bẹ̀ yín. Ẹni tá a jọ ń gbé fi owó oúnjẹ oṣù kan ta bọ́ọ̀lù ní Sátidé kan.

Tọ́lá NELFUND:
Ó yà mí lẹ́nu pé kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ NELFUND, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn, o lè béèrè fún un. Lóṣù kẹrin 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ẹ̀, àwọn skúùlù ìjọba ìpínlẹ̀ bíi tiwa náà wà ńbẹ̀. Ọ̀nà méjì ló pín sí, ọ̀kan ni owó skúùlù, tààràtà ni wọ́n ń san án fún skúùlù, ìkejì ni owó àtijẹ àtimu, 20,000 náírà lóṣù, ìyẹn ló ń bọ́ sínú báńkì tìẹ. Èlé ò sí lórí ẹ̀, lẹ́yìn ọdún méjì téèyàn bá ti sin ìlú tán ni sísan bẹ̀rẹ̀. JAMB ẹ, nọ́ńbà mátíríìkì, NIN àti BVN ni wàá fi forúkọ sílẹ̀, orúkọ tó wà lórí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bára mu, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há.

Àmọ́ gbèsè ni o, ẹ̀bùn kọ́. Bá àwọn òbí ẹ sọ ọ́ kó o tó gbà á. Má sì fi ọkàn sí i pé ọjọ́ báyìí ló máa wọlé, má torí ẹ̀ jẹ gbèsè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n Agric:
Ẹ ṣé Tọ́lá. Ẹ jẹ́ n fi àjọ kún un, torí 3,000 tí mo ní kó má fọwọ́ kàn yẹn, fóònù ò lè gbé e dúró. Mo dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ kan ní Takie, 200 náírà lójúmọ́, ọjọ́ 30 jẹ́ 6,000, alájọ yọ 200 ọjọ́ kan tiẹ̀, mo gba 5,800. Òun ni mo fi ń rọ gáàsì, òun ni mo fi ń san owó dẹpátímẹ́ǹtì. Bẹ́ ẹ bá mọ ara yín dáadáa ní kíláàsì, ẹ lè dá èésú, ẹnì kan ń kó o lóṣù. Ẹni tó bá fẹ́ràn orí fóònù, PiggyVest àti Cowrywise ń ti owó pa títí di ọjọ́ tó o bá dá.

Ẹ̀wà pẹ̀lú gáàsì: rẹ ẹ́ mọ́jú, da omi yẹn nù, gbé e kaná. Tó bá ti hó fún bí ìṣẹ́jú 15, pa iná, má ṣí i, fi aṣọ tó nípọn wé ìkòkò, lọ kàwé fún wákàtí kan. Tó o bá dé tó o tún tàn án, kò ní pẹ́ rọ̀.

Ọmọ Ṣọ̀ún:
Ọbẹ̀ náà, tí kò bá sí fíríìjì, jẹ́ kí omi inú ata gbẹ tán kó o tó da epo sí i, kó o sì dín in dáadáa. Láàárọ̀ àti lálẹ́ gbé e kaná kó hó, má fi ṣíbí tó ti kan ẹnu kàn án, má sì dé e nígbà tó ṣì ń ru èéfín, jẹ́ kó tutù. Mo ti fi jẹ ọjọ́ mẹ́rin láì kan.

Tí oṣù kẹta bá ti wọlé, máńgòrò nìyẹn, ìlú yìí kún fún un, kajú náà ń bẹ. Tó bá di oṣù keje, àgbàdo tútù dé, sè é, fi ẹ̀pà jẹ ẹ́. Iṣu tuntun tó bá jáde lẹ́yìn ìyẹn, ọjà á rọ̀ díẹ̀. Máa tẹ̀ lé ohun tó bá wà lóde, má máa wá ohun tí àsìkò ẹ̀ ti kọjá.

Ọmọ Ìsẹ́yìn:
Ẹ ṣeun ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, màmá ẹ ṣeun gan-an. Mo pé ọjọ́ mẹ́jọ kí n tó padà wá torí mo fẹ́ ṣe é ná. Mo kọ ohun tí mo ná sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, ọ̀kadà nìkan jẹ́ 4,200. Mi ò mọ̀ rárá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ nìkan tí ilẹ̀ bá ti ṣú ni mò ń gun nǹkan.

Èmi àti rúùmùméètì mi lọ sí Wàsò. A ki ọwọ́ bọ kóńgò, ti obìnrin àkọ́kọ́ ti wọlé nísàlẹ̀, a kí wọn a sì kọjá, ìyá kejì rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí wa, wọ́n dojú kóńgò tiwọn dé fún wa láti wò, wọ́n bi wá pé ta ló kọ́ wa. Gààrí kóńgò mẹ́rin, ẹ̀wà méjì, láfún mẹ́ta, epo ìgò kan. A ti kọ orúkọ sára rọ́bà ọbẹ̀.

Láfún tí mo kọ́kọ́ rò ní kókó, èyí tí mo rò lánàá ò ní. Mo tún pe màámi, mo sọ ti NELFUND fún wọn, mo sọ ti gààrí ọjọ́ mẹ́ta náà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní awakọ̀ kan máa kọjá ní Ọjọ́bọ̀, kí n lọ dúró ní gáréèjì, àwọn ti di èlùbọ́ àti ata gbígbẹ sínú àpò kan.